Ẹ Má Fọwọ́ Bo Ẹnu Mọ́

Ọ̀kadà gbé mi ṣubú, eyín iwájú mi kán. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń fọwọ́ bo ẹnu kí n tó rẹ́rìn-ín. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Bí eyín bá kán, tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì lágbára, dókítà eyín lè dé e ládé. Bó bá ti yọ dànù, wọ́n lè ṣe afárá, kí eyín ọ̀tún àti tòsì gbé e ró. Àlàfo tá a bá fi sílẹ̀, eyín tó kù lè máa dà síbẹ̀.

LASUTH n'Íkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ní dókítà eyín. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ béèrè iye kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gúlúù lẹ eyín mọ́ yín lẹ́nu lẹ́bàá títì.

Ẹni tẹ́rù bá ń bà, kó wá bá mi. A ó jọ wọkọ̀ lọ ni.