Ọmọ Tí Ó Fi Iṣẹ́ Ọ́fíìsì Sílẹ̀ Nítorí Fọ́tò
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)



Ọ̀ràn kan ti ń wọ ilé púpọ̀ láàárín wa. Ọmọ tí a rán lọ sí yunifásítì, tí ó ti rí iṣẹ́ gidi ní báǹkì tàbí lọ́dọ̀ ìjọba, a dédé wá sọ fún baba rẹ̀ pé fọ́tò ni òun fẹ́ máa yà. Ìyá a bú sẹ́kún. Baba a ní ayé ti ṣe ọmọ òun. Nítorí irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ sọ ti Sebastião Salgado, ará Bùràsíìlì, tí a bí ní 1944.

Ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni ó kọ́, ó sì kọ́ ọ jìnnà. Ní 1971 ó wọ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dọ̀ àjọ àgbáyé tí ń mójú tó òwò kọfí. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá pa màlúù lé lórí ni. Iṣẹ́ náà a máa gbé e wá sí Áfíríkà, kámẹ́rà Lélia aya rẹ̀ a sì máa bá a lọ. Nígbà tí ó yá, fọ́tò wọ̀nyí ń dùn mọ́ ọn ju ìròyìn tí ó ń kọ fún ọ̀gá lọ. Ní 1973 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Òun àti aya rẹ̀ ni ó jọ pinnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn.

Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ àtijọ́ ṣòfò bí? Rárá o. Ẹni tí ó mọ bí owó kọfí ti ń rìn mọ òógùn ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀. Ní 1986 ó lọ sí kòtò wúrà Serra Pelada ní Bùràsíìlì, níbi tí nǹkan bí 50,000 ọkùnrin ti ń ru àpò ẹrẹ̀ gun àkàbà. Fọ́tò dúdú òun funfun tí ó yà níbẹ̀ káàkiri ayé.

A kò ní tàn yín: ayọ̀ náà gbẹ nígbà kan. Ohun tí ó rí ní Rùwáńdà ní 1994, nígbà ìpakúpa, sọ ọ́ di aláìsàn, ó sì gbé kámẹ́rà tì. Òun àti Lélia padà sí oko baba rẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ní 1998 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó ti gbin igi tí ó lé ní 2,000,000. Bí igi ti ń hù, tí ẹyẹ ń padà, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ fọ́tò tún ń sọ lọ́kàn rẹ̀. Ní 2004 ó tún gbéra, ó ń ya ilẹ̀ àti ẹranko tí ọmọ aráyé kò tí ì bà jẹ́. Ó kú ní 2025, lẹ́ni ọdún 81.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó pe ìpàdé ẹbí, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè ibi tí yóò ti kọ́ṣẹ́, àti ohun tí yóò máa jẹ títí ènìyàn yóò fi mọ̀ ọ́n. Bí ó bá dáhùn dáadáa, ẹ gbé iṣẹ́ fún un. Àwọn àgbà ìlú wa pọ̀ tí a kò ní fọ́tò wọn kankan ju èyí tí ó wà nínú ìwé ìrìnnà lọ, a sì fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó jókòó níwájú yìí.