Olórí Ọ̀wọ́ Nínú Ogun

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ ní Festac Town

Àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977 ni ó bí ìlú tí a jókòó sí yìí. Kò sì burú bí a bá sọ̀rọ̀ àṣà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti ogun.

Gbogbo wa ni ó mọ Balógun. Àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni a kì í dárúkọ. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, kò rí bẹ́ẹ̀: 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́, 16 àgbà àti 54 kékeré, mẹ́wàá lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn Ọ̀yọ́mèsì méje. Oyè wọn kì í ṣe àjogúnbá. Akọni ni a ń fi í dá lọ́lá.

Lóde òní, orúkọ lè tan ni jẹ. Ní Nàìjíríà, tí ó tẹ̀lé àṣà Gẹ̀ẹ́sì, kọ́púrà ni ó ń ṣáájú section, èyí tí í ṣe nǹkan bí ènìyàn mẹ́wàá. Ní Amẹ́ríkà, sájẹ́ńtì ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ gba ọ̀nà Àgbádárìgì tí ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí lọ, bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá gbà fún yín, kí ẹ dé ìkọjá Sẹ̀mẹ̀: níbẹ̀ ni àṣà Faransé ti bẹ̀rẹ̀, section tiwọn sì tó nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn. Bí ará Àgbádárìgì àti ará Àjàṣẹ́ bá pàdé lójú ogun, tí ọ̀kan ní kí èkejì rán section kan wá, ẹ̀mí ènìyàn wà nínú àṣìgbọ́ náà.

Ní ọdún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ wa jà ní Bọ́mà nínú Dífíṣọ̀n 81, igbó dí tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gágun kò lè rí gbogbo ènìyàn rẹ̀. Ohùn kọ́púrà dúdú ni ọmọ-ogun ń gbọ́. Síbẹ̀ òyìnbó ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ipò ọ̀gá. Seth Anthony, ọmọ Gold Coast, ni ó kọ́kọ́ gba ipò náà nínú àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1942. Ti ọmọ Nàìjíríà, L. V. Ugboma, kò dé títí di 1948, ogun sì ti parí.

Àwa rò pé ó yẹ kí èdè wa ní orúkọ fún ẹni náà. A dá a lábàá pé kí a máa pe ènìyàn mẹ́wàá náà ní ọ̀wọ́, kí aṣáájú wọn sì jẹ́ olórí ọ̀wọ́. Bí baba tàbí bàbá àgbà ẹnikẹ́ni nínú yín bá jẹ́ kọ́púrà ní Bọ́mà, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kí a tó túká.