Èérún Ìbọn Kan Nínú Àpò Ẹ̀wù

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ Old Bailey ní ìlú Lọ́ńdọ̀n dá Barry George sílẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti wà ní àhámọ́ fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀sùn tí a fi kàn án ni pé òun ni ó yìnbọn pa Jill Dando, gbajúmọ̀ obìnrin orí tẹlifíṣọ̀n BBC, ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Fulham, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1999. Lára ẹ̀rí tí a fi dá a lẹ́bi ní ọdún 2001 ni èérún ìbọn kan ṣoṣo tí a rí nínú àpò ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀. Èérún náà tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Ojú lásán kò lè rí i.

Báwo ni irú ohun bẹ́ẹ̀ ṣe di ẹlẹ́rìí? Nígbà tí a bá yìnbọn, kì í ṣe ọta nìkan ni ó ń jáde. Èéfín, ẹ̀tù tí kò jó tán, àti èérún òjé pẹ̀lú àwọn ohun mìíràn tí ó wà ní ìdí ọta, gbogbo wọn a tú jáde pọ̀. Díẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹni tí ó yìn ín, díẹ̀ a sì bá ẹni tí a yìn ín lù.

Lára ẹni tí ìbọn bà ni àwọn onímọ̀ ti ń mọ bí ìbọn ti jìnnà tó. Bí a bá ti ẹnu ìbọn mọ́ orí ènìyàn, èéfín àti afẹ́fẹ́ gbígbóná a wọ inú ọgbẹ́ lọ, awọ orí a sì máa ya. Bí ó bá jìnnà díẹ̀, èéfín a dúdú yí ojú ọgbẹ́ ká. Bí ó bá tún sún sẹ́yìn, èéfín kò ní dé ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n hóró ẹ̀tù a gún awọ ara tótòtó bí ìgbà tí a fi abẹ́rẹ́ fín ara. Nígbà tí ìbọn pélébé bá ti jìnnà ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, lọ́pọ̀ ìgbà ihò ọta nìkan ni ó kù, a kò sì ní mọ̀ bóyá inú yàrá ni a ti yìn ín tàbí òdìkejì títì. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ iye ẹsẹ̀ bàtà gan-an gbọ́dọ̀ mú ìbọn kan náà àti irú ọta kan náà, kí ó yìn ín sí aṣọ funfun láti ibi oríṣìíríṣìí, kí ó sì fi àmì wọn wé ti ara òkú. Láìsí ìbọn náà, ìfojúdá ni.

Ní ti ọ̀ràn Fulham, ọwọ́ kò tẹ ìbọn náà. Síbẹ̀ ọgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ kedere pé a ti ẹnu ìbọn mọ́ orí Dando ni. Ẹni tí ó di ìbọn mú ni iyàn wà lórí rẹ̀. Èérún ìbọn kì í pẹ́ lọ́wọ́ tí ń ṣiṣẹ́ tí a sì ń fọ̀. Nínú àpò aṣọ, ó lè pẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ó tún ń ti ara ohun kan bọ́ sí ara òmíràn: ọlọ́pàá tí ó di ìbọn mú lánàá lè fi í sí ara aṣọ tí ó bá fọwọ́ kàn lónìí. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ikú náà sì ni a tó mú ẹ̀wù ọ̀hún.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdálẹ́bi náà. Àwọn onímọ̀ ìjọba ti ṣàlàyé pé bí ó ti ṣòro tó pé kí èérún náà ti inú ìbọn apànìyàn wá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ṣòro tó pé kí ó ti ibòmíràn wá. Kò gbè sí ọ̀dọ̀ ẹnì kankan. Àwọn júrì ọdún 2001 kò gbọ́ ọ báyìí, ohun ńlá sì ni èyí. Nígbà tí a tún ẹjọ́ náà gbọ́, adájọ́ kò jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ èérún náà wá síwájú àwọn júrì tuntun. Láti ìgbà náà, a kò tíì dá ẹlòmíràn lẹ́bi ikú Jill Dando.