Fọ́tò Tí A Kò Fọwọ́ Kàn Náà Lè Purọ́



Òfin tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ìròyìn kọ́kọ́ ń gbọ́ nípa fọ́tò ìròyìn ni pé a kì í fi nǹkan kún un, a kì í sì yọ nǹkan kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2003, nígbà ogun Ìráàkì, Brian Walski, ayàwòrán ìwé ìròyìn Los Angeles Times, ya sójà Gẹ̀ẹ́sì kan láàrin àwọn ará ìlú nítòsí Basra. Nínú fọ́tò kan, bí sójà náà ṣe na ọwọ́ ló wu Walski. Nínú èkejì, ọkùnrin kan tó gbé ọmọ mọ́ra ló hàn dáadáa. Ó lẹ méjèèjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àdàpọ̀ náà sì jáde lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn náà. Ẹni tó wò ó fínnífínní ló rí i pé àwọn kan láàrin èrò ẹ̀yìn fara hàn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dá Walski dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn kan ní ìyà náà pọ̀ jù, nítorí ohun méjèèjì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Èmi kò gbà. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Fọ́tò ni àfojúbà ẹni tí kò sí níbẹ̀, Walski sì fi ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí han àwọn òǹkàwé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí kọjá kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á pẹ́ dé ibi ìwọ́de. Èrò ti ń túká, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ń retí iṣẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Á bẹ àwọn tó kù pé kí wọ́n tún gbé páálí sókè, kí wọ́n sì pariwo. Òmíràn á lọ sọ́jà, á ní kí ìyá aláta fajú ro díẹ̀ kí ọ̀wọ́n gógó lè hàn lójú rẹ̀. Òmíràn á sún mọ́ èèyàn mẹ́wàá títí pápá òfìfo tó yí wọn ká kò fi ní sí nínú fọ́tò mọ́, á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èrò ya bí omi. Kò sí ẹni tó tún ohunkóhun ṣe lórí kọ̀ǹpútà nínú àwọn mẹ́ta yìí. Irọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àlàyé abẹ́ fọ́tò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín kì í kà sí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1993, Kevin Carter, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ya ọmọ kékeré kan tí ebi ti dá lágara ní Ayod, ní gúúsù Sudan. Ọmọ náà ká kò sílẹ̀, ó dorí kodò. Igún kan bà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò ó. New York Times gbé e jáde lọ́jọ́ 26 oṣù náà. Igún wà níbẹ̀ lóòótọ́, ebi náà sì wà. Síbẹ̀, ìbéèrè àwọn òǹkàwé pọ̀ débi tí ìwé ìròyìn náà fi ní láti tẹ àlàyé jáde: ọmọ náà rí okun rìn kúrò lọ́dọ̀ igún, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ bóyá ó dé ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Ọmọbìnrin ni wọ́n pè é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2011 ni bàbá rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn Sípéènì pé ọkùnrin ni. Gbogbo ayé mọ fọ́tò yìí, àlàyé abẹ́ rẹ̀ kò sì mọ orúkọ ọmọ inú rẹ̀. Carter gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1994, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún kan náà. N kò ní dá òkú lẹ́jọ́. Ohun tó dùn mí ni orúkọ tí kò sí níbẹ̀.

Nílé wa níbí, páìpù epo bẹntiróòlù gbaná ní Abúlé Ẹ̀gbá, ní Èkó, lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006. Àwọn tó kú ju 200 lọ. Akíntúndé Akínlẹ́yẹ, tó ń ṣiṣẹ́ fún Reuters, ya ọkùnrin kan tó ń bomi ṣan èéfín dúdú kúrò lójú níbi ìjàǹbá náà. Fọ́tò yìí gba ipò kìn-ín-ní ní ìsọ̀rí rẹ̀ nínú ìdíje World Press Photo ọdún 2007. Òkú pọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n alààyè ni Akínlẹ́yẹ fi síwájú wa, ẹni tí a wò tí ara wa bù máṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àfi òkú ni í gbé fọ́tò níyì, ẹ lọ wo iṣẹ́ yìí.

Ẹ máa ń bi mí pé: bí mo bá rí ẹni tó wà nínú ewu, ṣé kí n yà á ni, àbí kí n ràn án lọ́wọ́? Bí ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀, gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Bí àwọn olùrànlọ́wọ́ bá ti dé, ṣe iṣẹ́ rẹ, má sì dí wọn lọ́wọ́. Ní ti ọmọdé, òfin ìwà ọmọlúàbí tí àwọn oníròyìn Nàìjíríà fọwọ́ sí ní Ìlọrin ní 1998 ti sọ ọ́: bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà nínú ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀, ti ọ̀daràn tàbí ti àjẹ́, a kò gbọdọ̀ fi orúkọ tàbí fọ́tò rẹ̀ hàn, ìbáà jẹ́ òun ni wọ́n ṣe níbi.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ ti ya fọ́tò, ẹ béèrè orúkọ, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti àdúgbò sílẹ̀. Bí olóòtú bá ní kí ẹ fi fọ́tò omíyalé èṣí ṣe tọdún yìí, ẹ kọ̀ fún un.