Wíǹṣì Tí A Lè Gbé Kiri: Irú Èwo Ló Yẹ Wá?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí wíǹṣì tí ẹgbẹ́ fẹ́ rà. N ò ní pẹ́.

Ẹ mọ ohun tí òjò ń fojú wa rí ní Ìsọlọ̀, Ọ̀kọ́tà àti Òkè-Àfà. Omi á bo títì, kórópe á já sí gọ́tà, ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ ò sì ní ráàyè wọlé. Àwọn ọmọ wa á bọ́ sómi, wọ́n á so okùn mọ́ ọn, wọ́n á máa fà á. Okùn tó bá já lójijì lè fọ́ ojú, ó lè gba ẹ̀mí. Ohun tó gbé wa dìde nìyẹn.

Báwo ló ṣe yẹ kó lágbára tó? Ọkọ̀ 1,500 kílò tó rì sẹ́rẹ̀ lè fẹ́ agbára tó tó ìwúwo ara rẹ̀. Ìlànà àwọn tó ń fa ọkọ̀ ni pé kí wíǹṣì tó ìlọ́po kan àbọ̀ ìwúwo ọkọ̀: 2,250 kílò nìyẹn.

Wíǹṣì oníná yá, àmọ́ èyí tó lè fa 4,000 kílò lè jẹ iná tó ju 300 ampere lọ. Bátìrì á kú kíá, a sì gbọ́dọ̀ dè é mọ́ ọkọ̀.

Àwọn kan ní kí wẹ́dà wa ṣe é. Ìṣirò rẹ̀ ò le: tí ọwọ́ rẹ̀ bá gùn ní 40 sẹ̀ǹtímítà, tí àgbá tí okùn ń ká sí sì jẹ́ 4 láti àárín dé etí, agbára 20 kílò á di 200. Ìdádúró rẹ̀ ló le. Tí eyín irin tó ń dá a dúró bá yẹ̀, ọwọ́ yẹn á yí padà, á ṣẹ́ apá èèyàn.

Tirfor lèmi fara mọ́. Okùn irin rẹ̀ kì í ká. Àárín ẹ̀rọ ló ń gbà kọjá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì á máa gbà á mú lọ́wọ́ ara wọn, bí ẹni ń fọwọ́ méjì fa omi kànga. Ó wà ní 800, 1,600 àti 3,200 kílò. Ká ra ti 1,600, ká fi púlì kan kún un: agbára á di ìlọ́po méjì, ọkọ̀ á kàn máa rọra bọ̀. Kí púlì náà lè gba 3,200 o.

Ó ní píìnì kéékèèké tó máa ń ṣẹ́ tí ẹrù bá pọ̀ jù. Ẹ má fi ìṣó rọ́pò rẹ̀ láé! Píìnì yẹn ló ń gba ẹ̀mí là.

Iṣẹ́ wẹ́dà wa ò bọ́: kó ṣe èèkàn irin tí a máa gún mọ́lẹ̀. A ò gbọ́dọ̀ so wíǹṣì mọ́ òpó iná tàbí ògiri ẹnikẹ́ni.

Tí a bá ń fà, ká fi aṣọ nínípọn sórí okùn, ká wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá okùn kọjá. Àwọn òǹwòran, ẹ jìnnà ju gígùn okùn lọ.

Àbá mi: ká rà á kí òjò tó dé, ká kọ́ ọ̀dọ́ mẹ́rin, kí kọ́kọ́rọ́ wà níbi tí gbogbo wa mọ̀.