Ìwádìí Èrò Kì í Ṣe Ìbò

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka wa bá àwọn awakọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka ní Ẹ̀gùá)

 

N kò ní pẹ́ lórí ìdúró, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò gbéra lọ sí Ìlaròó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá. Ó kan iye tí wọ́n máa ń kà fún wa lórí rédíò kí ìdìbò tó dé, pé lágbájá ni yóò wọlé, pé tàmẹ̀dò ti já kulẹ̀. Ìwádìí èrò ará ìlú ni wọ́n ń pè é.

Mo ní ìdí tí mo fi mú un wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, awakọ̀ kan nínú gáréèjì wa níhìn-ín gbọ́ irú iye bẹ́ẹ̀, ó sì fi owó táyà méjì ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ó jókòó sáàárín wa. Ọ̀rọ̀ náà dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò fi lọ dìbò. Ọkọ̀ kò rìn ní ọjọ́ náà, ilé ni ó sùn sí. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti kà á tán? Kí ni ìbò tèmi fẹ́ fi kún un?" Nígbà tí èsì jáde, owó táyà lọ, ọ̀rẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Odindi oṣù mẹ́ta ni àwọn méjèèjì kò fi kí ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ iye tí ó gbọ́ wò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àjọ ANAP gbé ìwádìí kan jáde, èyí tí ilé iṣẹ́ NOIPolls bá a ṣe lórí tẹlifóònù. Nínú 100 ènìyàn tí wọ́n bi, 23 ní Peter Obi ti Labour Party ni àwọn yóò dìbò fún. 13 mú Bọ́lá Tinúbú ti APC, 10 mú Atiku Abubakar ti PDP, 2 mú Rabiu Kwankwaso ti NNPP. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 48 ni gbogbo rẹ̀. Níbo ni 52 yòókù wà? 29 ní àwọn kò tí ì pinnu, 23 ní àwọn kò ní sọ. Àwọn tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni pọ̀ ju àwọn tí ó dárúkọ lọ! Àwọn olùwádìí náà kò fi í pamọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba. Àwa ni a gbé 23 lọ sí gáréèjì, tí a fi 52 sílẹ̀.

Ìwádìí mìíràn wà tí ilé iṣẹ́ Premise ṣe fún Bloomberg. Ohun èlò kan tí ó wà lórí fóònù oní-íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe é. Nínú 100 àwọn tí ó ti pinnu, 66 ní Obi ni àwọn fẹ́. Ìyá tí ó ń ta gàrí ní ọjà Ẹ̀gùá, ṣé irú fóònù bẹ́ẹ̀ ni ó ń lò? Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọ̀nà ibodè, ṣé ẹ kò mọ ibi tí fóònù ti máa ń dákẹ́?

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, a dìbò. Àjọ INEC kéde pé Tinúbú ní 8,794,726, Atiku ní 6,984,520, Obi ní 6,101,533. Àwọn tí ó fìdí rẹmi lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí èsì náà ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: 93,469,008 ni orúkọ tí ó wà nínú ìwé INEC. Nínú 100 wọn, nǹkan bí 27 péré ni ó jáde. Àwọn 73 tí ó jókòó sílé ni ẹgbẹ́ tí ó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà, wọn kò sì ní olùdíje.

Ilé iṣẹ́ Stears béèrè ọ̀rọ̀ náà kí ìdìbò tó dé. Wọ́n ní bí àwọn olùdìbò bá jáde rẹpẹtẹ, Obi ni. Bí wọ́n bá kéré, Tinúbú ni. Wọ́n kéré.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ ó yé mi jù. Ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ní òun ń lọ sí Ayétòrò, èrò ọkàn rẹ̀ ni ó sọ. Kò tí ì di èrò ọkọ̀ títí yóò fi wọlé jókòó, tí yóò sì san owó. Awakọ̀ wo ni yóò ka ẹni tí ó dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù mọ́ owó ọjọ́ rẹ̀?

N kò sọ pé irọ́ ni ìwádìí o. Ní Èkó, àwọn àgbà òṣèlú ní kò lè ṣẹlẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀: Obi ní 582,454, Tinúbú ní 572,606. Ìwádìí rí nǹkan tí àwọn àgbà kò rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò lè bá wa dìbò.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé àìlajú wa ló fà á, kí ó wo ilẹ̀ Ọsirélíà. Òfin ló mú kí olúkúlùkù máa dìbò níbẹ̀ láti ọdún 1924. Ẹni tí kò bá jáde láìnídìí yóò san owó ìtanràn. Nínú 10 ènìyàn, 9 ń jáde. Ẹgbẹ́ Labor ibẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó bí i. Ní ọdún 2019, gbogbo ìwádìí ní Labor ni yóò wọlé. Ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kan tilẹ̀ sanwó fún àwọn tí ó mú Labor, kí ìdìbò tó wáyé! Scott Morrison ni ó wọlé, Labor sì pàdánù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àwọn ìwádìí kan tún ní Labor ń ṣubú lọ. Nígbà tí ó di oṣù Karùn-ún, Anthony Albanese kó àga 94 nínú 150 fún Labor, Peter Dutton tí ó ń bá a díje sì pàdánù àga tirẹ̀ gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò sùn nígbà tí iye dára, wọn kò sì sá nígbà tí iye burú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sílé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2023, a dìbò gómìnà Ògùn. Dàpọ̀ Abíọ́dún ti APC ní 276,298, Ládi Adébútù ti PDP ní 262,383. 13,915 ni ó wà láàárín wọn. Wọ́ọ̀dù 236 ni ó wà ní ìpínlẹ̀ wa. Bí ẹ bá pín in, kò pé 60 ìbò ní wọ́ọ̀dù kan. Bọ́ọ̀sì elérò 18 mẹ́rin kò ní kún! Ẹni tí ẹ fẹ́ kọ́ ni mo ń sọ. Bọ́ọ̀sì mẹ́rin ni mo ń sọ.

Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ka iye fún yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni wọ́n bi, ọ̀nà wo ni wọ́n sì gbà bi wọ́n? Mélòó ni kò dáhùn? Nínú àwọn tí ó dáhùn, mélòó ni yóò jáde? Ẹ má fi owó ọmọ ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ má tìtorí rẹ̀ bá ẹlẹgbẹ́ yín jà. APC, PDP, Labour, ẹnikẹ́ni tí ẹ ń ṣe, ọ̀nà kan náà tí ó ti bàjẹ́ ni gbogbo wa jọ ń gbà.

Ẹ wo káàdì ìdìbò yín lálẹ́ òní. Ẹni tí tirẹ̀ bá sọnù tàbí tí ó bàjẹ́, kí ó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé, kí a kọ orúkọ rẹ̀, kí a jọ kó ara wa lọ sí ọ́fíìsì INEC ní Ayétòrò. Awakọ̀ tí ó pàdánù owó táyà nì ni yóò fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n sọ ọ́.

 Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ire o.