VC10: Bàálù tí wọ́n tìtorí ooru wa ṣe

Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń fúyẹ́, kì í gbé bàálù dáadáa. Ojú ọ̀nà bàálù ilẹ̀ Áfíríkà wa sì kúrú nígbà náà. Ni Vickers, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, bá kó ẹ́ńjìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìdí VC10, kí ìyẹ́ apá rẹ̀ lè ráyè gbé e sókè kíá. April 29, 1964 ni BOAC, ilé iṣẹ́ tó ń fi bàálù kó èrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ fi kó èrò, láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó. Ghana Airways náà rà á. Ariwo kì í pọ̀ nínú rẹ̀. Èrò fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Àmọ́ ó ń mu epo ju Boeing 707, bàálù Amẹ́ríkà, lọ. Wọ́n tún wá fa ojú ọ̀nà gùn káàkiri, Boeing ń balẹ̀ níbi tó jẹ́ ti VC10 tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀: 54 péré ni wọ́n ṣe. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ló lò ó gbẹ̀yìn, ní 2013.